Ìwé Inú Àpótí, Ìwé Lámèyítọ́: Èwo Ni Kí Owó Wa Rà?

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹrù méjì kalẹ̀ sórí tábìlì kan ní Ṣúpárè Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èkíní jẹ́ àkójọ ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta tí wọ́n tò sínú àpótí páálí líle. Aṣọ ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn ìwé, wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tẹ orúkọ òǹkọ̀wé sí i, àwòrán aláràbarà wà láàárín, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé ìtẹ̀wé ò sì tíì ya. Folio Society ní London, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, gbajúmọ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí. Àwọn ni wọ́n fi Foundation mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Isaac Asimov gbé jáde láàárín 1951 sí 1953 sínú irú aṣọ oyè bẹ́ẹ̀. Ẹrù kejì jẹ́ ìwé lámèyítọ́ eléèpo rírọ̀ kan ṣoṣo. Kò ní àwòrán, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́, àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé sì máa ń gba ìdajì ojú ewé nígbà míràn. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ló kọ ọ́, wọ́n ń yẹ fíìmù, tẹlifíṣọ̀n, rédíò, ìwé ìròyìn àti ìtàn àròsọ wò, wọ́n ń sọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń rí wa mú. Owó tó wà nílẹ̀ ò tó ra méjèèjì. Ọmọ ìlú tó wà lókè òkun tó fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ilé ìwé tó ti jáde á bá ìpinnu yìí pàdé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó fẹ́ dá yàrá ìkàwé sílẹ̀, àti òbí tó bí ọmọ tí kì í fẹ́ gbé ìwé sílẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ìtàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí wọ́n sì fi àpótí náà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ àpótí. Mo ní láti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí pé ẹni tó bá ní lámèyítọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ rà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ ká fún un lésì tó tọ́.

Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni èyí tó mú ohun kan tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè fojú inú wò, tó gbé e sáàárín àwọn ènìyàn bíi tiwa, tó wá ń wo ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ìwé mẹ́ta tí Tade Thompson kọ. London ni wọ́n bí i sí, Yorùbá làwọn òbí rẹ̀, Nàìjíríà ló ti dàgbà kó tó padà sí Ìlú Ọba, níbi tó ti ń ṣe dókítà àwọn alárùn ọpọlọ. Ìwé àkọ́kọ́, Rosewater, jáde ní 2016, ilé ìtẹ̀wé Orbit tún un gbé jáde ní 2018, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, ọdún kan náà tí The Rosewater Insurrection àti The Rosewater Redemption jáde. Nàìjíríà ọdún 2066 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ohun abàmì kan láti òfúrufú ti rì sínú ilẹ̀, ó ti yọrí jáde bí igbá ràgàjì tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀, ìlú kan sì ti hù yí i ká bí òrùka. Níbẹ̀rẹ̀, ìlú náà ń rùn gan-an nítorí kò sí ọ̀nà tí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ń gbà lọ, ni àwọn ará ibẹ̀ bá fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ omi òdòdó olóòórùn dídùn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, igbá náà á ṣí fún ìgbà díẹ̀, àwọn aláìsàn tó pé jọ sítòsí á sì rí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìwòsàn míràn kì í tọ́. Ẹ̀yà ara lè jinná sódì, òkú lè dìde láìsí ọkàn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí èrò tó ń gun Òkè Màríà ní Ọ̀kà lọ gbàdúrà, tàbí tó mọ bí pápá ìsọjí ṣe máa ń kún fún àwọn tó gbé aláìsàn wọn wá, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ìrètí tí òǹkọ̀wé yìí ń sọ fún un.

Ní ti lámèyítọ́, iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ ni. Ní 1973, Stuart Hall, ọmọ Jamaica tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí tẹlifíṣọ̀n tó ti di òpó nínú ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá mọ àrokò á tètè lóye rẹ̀. Ẹni tó di àrokò mọ ohun tó fẹ́ kó sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó gbà á ni ìtumọ̀ wà. Owó ẹyọ mẹ́fà lè sọ fún mi pé ọkàn rẹ fà sí mi, nítorí ìró ẹ̀fà àti fà. Bí mi ò bá mọ ohun tí àwọn tó wà ládùúgbò rẹ ń fi ẹ̀fà sọ, owó lásán ni mo gbà. Hall ní olùwòran lè gba iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an, ó lè gba apá kan kó kọ apá kan, ó sì lè tú u lódì pátápátá sí ohun tí olùránṣẹ́ fẹ́. Ìmọ̀ yìí níyì. Ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó kà á sí ènìyàn tó ń ronú, kò kà á sí ìkòkò tí wọ́n kàn ń da omi sí.

Jẹ́ ká wá wo àpótí náà dáadáa, torí ẹwà rẹ̀ máa ń fọ́ni lójú. Kí ló ń sọ ìwé di ohun àkójọ olówó ńlá? Ṣí ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba, wo ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, wàá rí ọ̀wọ́ nọ́ńbà kéékèèké kan tó ń lọ láti 10 dé 1, tàbí láti 1 dé 10. Bí wọ́n bá ti tún ìwé náà tẹ̀, wọ́n á yọ nọ́ńbà tó kéré jù kúrò. Tí 1 bá ṣì wà níbẹ̀, ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ lo mú lọ́wọ́ yẹn. Nọ́ńbà kan yìí, tí kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún ìtàn, lè sọ owó ìwé di ìlọ́po. Ó tún ku èèpo ìbora: bó bá ya díẹ̀, tàbí tí oòrùn bá ti ṣá a, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Bí ọmọ bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, tó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó dùn mọ́ ọn, tó ṣẹ́ etí ewé kó lè mọ ibi tó kà dé, ìwé ti bàjẹ́ lójú olùkójọ. Gbogbo àmì tó ń fi hàn pé ẹnìkan ti ka ìwé náà ni ọjà yìí ń kà sí àbùkù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára. Ìwé tí wọ́n bá rà fún ọmọ Ṣúpárè pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kó má fọwọ́ kàn án, ère ni wọ́n rà fún un.

Àwọn kan á ní, ṣé kò lè jẹ́ owó ìpamọ́ ni? Ká rà á lónìí, ká tà á lọ́la ní ìlọ́po. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní London àti New York, níbi tí olùtà, olùrà àti ẹni tó ń díye lé ìwé ti wà ládùúgbò kan náà. Ní Àkókó ńkọ́? Ọyẹ́ á dé, èèpo líle á ká, gọ́ọ̀mù tó di ẹ̀yìn ìwé mú á gbẹ. Òjò á dé, ewé á fa ọ̀rinrin, á sì bu. Ikán ò mọ ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà. Bó bá sì di ọjọ́ títà, ta ni yóò rà á ní ọjà Ìkàrẹ́? Ẹni tó ń ra ìwé àtijọ́ níbẹ̀, ẹ̀pà ló fẹ́ fi di. A ó ní láti fi ìwé náà ránṣẹ́ padà sílùú òyìnbó tó ti wá, ká san owó ọkọ̀, ká fún alágbàtà ní tirẹ̀, ká sì máa gbàdúrà pé kí igun àpótí má tẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń wá owó ìpamọ́ ní Ṣúpárè mọ ohun tó dára ju ìyẹn lọ, ìbáà ṣe ilẹ̀ tàbí kòkó.

Ìwé Yorùbá gan-an fi ọ̀nà míràn hàn wá. Ní 1938 ni ilé ìtàwé CMS gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Daniel Fagunwa tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ń ṣe ní St Andrew's College, Ọ̀yọ́, láwọn ọdún yẹn. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Márùn-ún ni. Ẹni tó bá ń wá àkójọ, àkójọ rèé. Ṣùgbọ́n kò wọ ìgbésí ayé wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́. Olùkọ́ ló ń kà á sókè ní kíláàsì, ọmọ á gbé e relé, á tún kà á fún ìyá tàbí bàbá àgbà tí kò mọ̀wé, ìwé á ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sọ́wọ́ àbúrò títí èèpo rẹ̀ á fi ṣí. Bí ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ tó dá pé bá ṣòro rí lónìí, kò yani lẹ́nu: wọ́n ti kà á tán. Kíkà tó sọ Fagunwa di ẹni ńlá náà ló jẹ ìwé rẹ̀ run, ìyẹn sì ni ọlá tó ga jù tí ìwé lè ní.

Mi ò sọ pé ẹwà ò ní ìwúlò. Ọmọ tó bá rí ìwé tó rẹwà á fẹ́ ṣí i, òótọ́ ni. Nígbà tí Wole Soyinka túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló yàwòrán sí i, ìlà dúdú lórí bébà funfun lásán, síbẹ̀ àwọn iwin igbó náà dàbí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ látinú ewé. Ẹwà bẹ́ẹ̀ wà fún gbogbo ẹni tó bá ṣí ìwé. Èyí tí mò ń bá jà ni ẹwà tó ní ká má ṣí i.

Ní báyìí, ìtàkò tó wúwo jù. Ọmọ Ṣúpárè lónìí ń wo fídíò nínú fóònù ju bó ṣe ń kàwé lọ. Ẹ̀rọ lè fi ohùn ẹnìkan sọ ohun tí onítọ̀hún ò sọ rí, àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lè dé orí WhatsApp ẹbí kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí nǹkan rí báyìí, ṣé ìtàn nípa ọdún 2066 ló yẹ ká fún un, àbí ìmọ̀ tí yóò fi mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́? Mo gbà pé ìbéèrè náà tọ́, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì lágbára. Láti oṣù keje 1929 sí oṣù kẹta 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ ọ̀wọ́ lẹ́tà kan jáde, bí ẹni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ló ń kọ wọ́n, obìnrin tó ti fi ẹwà jayé l'Ékòó tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀. Ó dárúkọ àdúgbò tí àwọn òǹkàwé mọ̀, ó rántí orin tí wọ́n jọ kọ nígbà èwe. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé ń wọlé nípa rẹ̀. Isaac Babalola Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló ń kọ gbogbo ìtàn yìí. Ó kó o jọ sínú ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Karin Barber ti Yunifásítì Birmingham gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 2012, nípasẹ̀ ilé ìtẹ̀wé Brill ní ilẹ̀ Netherlands. Ẹni tó bá ka àlàyé rẹ̀ á rí bí ìwé ìròyìn, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti orúkọ òpópónà, ṣe lè wọ ẹ̀wù òótọ́ fún ìtàn. Ìyẹn ò jìnnà sí ohun tí fóònù ń ṣe fún wa lónìí.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà nínú ìwé Barber. Ìtàn Sẹ̀gilọlá wà níbẹ̀ ní Yorùbá, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Òǹkàwé lè gbọ́ ohùn obìnrin náà fúnra rẹ̀, kó wá fi àlàyé onímọ̀ wé ohun tó gbọ́, kó sì jiyàn tó bá fẹ́ jiyàn. Ká ní àlàyé nìkan ló wà níbẹ̀, kí là bá fi dán an wò? Ìròyìn ò tó àfojúbà. A ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí àlàyé bá ṣáájú ìtàn, torí a ń rí i lọ́dọọdún ní àkókò ìdánwò WAEC: akẹ́kọ̀ọ́ á ra ìwé pélébé tó kó kókó ọ̀rọ̀, ẹ̀dá ìtàn àti ẹ̀kọ́ inú ìwé jọ, á há a sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì yege láìṣí ìwé ìtàn náà rí. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ nípa ìrìn àjò ọdẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù igbó náà ò bà á rí. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ojú ìwòye. Ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba èrò ẹlòmíràn gbọ́ láìyẹ ohun tí wọ́n ń sọ wò, òun gan-an ni fídíò irọ́ rọrùn láti mú.

Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì sì ń kọ́ni ní ìbéèrè bíbi, lọ́nà tirẹ̀. Darko Suvin, tó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, ṣàlàyé nínú ìwé tó gbé jáde ní 1979 pé irú ìtàn yìí máa ń sọ ayé wa di àjèjì sí wa, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ìrònú, kí a lè tún un wò bí ẹni tí kò rí i rí. Fi sí ara igbá tó ń woni sàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nínú Rosewater. Ọmọ tó ka ibẹ̀ á ti bi ara rẹ̀ pé: kí ni nǹkan yìí ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń wò sàn? Kí nìdí tí ẹlòmíràn fi jinná sódì? Ta ló ń jèrè nínú èrò tó ń wọ́ wá? Lọ́jọ́ kejì, tí rédíò bá ń polówó oògùn gbogboǹṣe tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀fọ́rí nínú ìgò kan ṣoṣo, ìbéèrè náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kò pè é ní lámèyítọ́, ṣùgbọ́n lámèyítọ́ ló ń ṣe.

Ẹlòmíràn á ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé Thompson, àti pé Fagunwa tí mo dárúkọ kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì. Mo gba ti Fagunwa: iwin àti agbára Ọlọ́run ló ń darí igbó tirẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pè é kó lè bá ọjà mu. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ó fi hàn wá bí àkójọ ìtàn ṣe ń di ohun ìní gbogbo ìlú. Ní ti èdè, Àkókó ló yẹ kó dáhùn. Lágbègbè wa yìí, ọmọ Arigidi, ọmọ tó ń sọ Akpes àti ọmọ tó ń sọ Ukaan ń gbọ́ èdè míràn nílé kí wọ́n tó bá Yorùbá inú ìwé pàdé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á dáadáa; Gẹ̀ẹ́sì náà ò ní dí wọn lọ́nà. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún jùyẹn lọ ni ọjọ́ orí: ìwé àgbà ni Rosewater, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ àti ìwà ipá wà nínú rẹ̀, kì í ṣe fún ọmọ girama kékeré. Fún àwọn yẹn, mo fara mọ́ Binti tí Nnedi Okorafor kọ, ìwé tín-ínrín mẹ́ta tó jáde ní 2015, 2017 àti 2018. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló fi ilé sílẹ̀ láìdágbére, ó ń lọ sí yunifásítì ní ayé míràn, amọ̀ ìlú rẹ̀ tó fi ń para sì wà lára rẹ̀. Èkíní nínú wọn gba ẹ̀bùn Hugo àti Nebula.

Ipò tí Ṣúpárè wà náà ń gbe ọ̀rọ̀ mi. Láti 1999 ni yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó ti wà ní Àkùngbá tó múlé gbè wá, òun ni wọ́n ń pè ní Adekunle Ajasin lónìí. Àwọn tó ń fi lámèyítọ́ ṣiṣẹ́ ṣe wà nítòsí, ọ̀kadà lè gbé ọ̀kan nínú wọn wá sí ilé ìwé girama lọ́sàn-án ọjọ́ kan kó fi Yorùbá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Stuart Hall fún àwọn ọmọ. Lámèyítọ́ lè ti ẹnu dé etí kó má sọnù púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ìtàn olójú ewé ọ̀ọ́dúnrún ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá ọmọ kà á. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ìtàn kúkúrú kún un, ìwé àtìgbàdégbà Omenana, tí Mazi Nwonwu àti Chinelo Onwualu dá sílẹ̀ ní 2014, wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, kí ọmọ ìlú tó wà lókè òkun yẹn fi owó àpótí kan ra ẹ̀dà eléèpo rírọ̀ púpọ̀: Binti, Rosewater fún àwọn àgbà, Fagunwa márààrún. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, kó wá ìwé lámèyítọ́ The Novels of D. O. Fagunwa tí Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé jáde ní 1974, fún olùkọ́ tí yóò máa darí àwọn ọmọ. Kí wọ́n gbé pẹpẹ ìwé kúrò lára ògiri nítorí ikán. Kí wọ́n fi bírò kọ orúkọ ilé ìwé sí ojú ewé àkọ́kọ́ gàdàgbà, kí wọ́n lẹ bébà kan mọ́ èèpo ẹ̀yìn, kí gbogbo ọmọ tó bá yá ìwé náà kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó dá a padà síbẹ̀. Bí bébà náà bá kún, kí wọ́n lẹ òmíràn lé e.